Ìgbà Tí Mo Fi Òwú Pupa Kọ Orúkọ Bàbá Mi Sára Ìrọ̀rí Ọmọ

Òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ tí wọ́n wọ́n omi sí ni mo fi ń rántí Ẹ̀pẹ́. Ibi yòówù kí n ti gbóòórùn ẹ̀ lónìí, á dà bíi pé mo tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré yẹn, tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, tí ìyá kan gbé àga sẹ́nu ọ̀nà tó ń wò mí.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn, ní Ìkòròdú. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní SS2, mo ní kò sí nǹkan tí tíṣà kankan máa kọ́ mi mọ́. Mo kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà fún oṣù mẹ́rin, mo bá tèmi lọ. Mo ń sọ fún gbogbo èèyàn pé mánígà ilé iṣẹ́ kan ní Estate, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà, mọ̀ mí dáadáa, bẹ́ẹ̀ géètì wọn nìkan ni mo mọ̀. Mo ní fóònù kan nígbà tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní in. Kò sí káàdì nínú ẹ̀ rí, àmọ́ tí mo bá ń kọjá níwájú àwọn ọmọbìnrin, mo máa ń gbé e sétí, màá máa sọ̀rọ̀ lọ. Ẹnu mi ò sinmi.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀ ládùúgbò wa, ibẹ̀ ló ti ń lọ sílé ìwé. Ó lóyún fún mi. Lọ́jọ́ tí ìyá ẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ní Ẹ̀pẹ́ mú un wá sílé wa, gbogbo ará ilé ló jáde, àwọn ọ̀rẹ́ mi náà sì wà níbẹ̀. Ìyá náà kì í ṣe aláriwo. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé o mọ ọmọ yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wo àwọn ọ̀rẹ́ mi lójú. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n rí o, mà. Ẹ lọ bi ẹlòmíì."

Ọmọbìnrin náà ò sunkún. Ó kàn wò mí bíi pé òun náà ò mọ̀ mí rí. Ìyá tèmi ló bú mọ́ mi: "O ò mọ̀ ọ́n rí? Ta ló wá ń tẹ̀bà fún ẹ ní kíṣíìnì mi lọ́jọ́ Sunday ìjọ́sí, ṣé iwin ni?" Gbogbo kọ́ńpáǹdù bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, àmọ́ mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ọmọ wọn tòun ti báàgì ẹ̀ kalẹ̀ sílé ẹni tó fún un lóyún, wọ́n á sì yíjú padà. Ohun tí mo ń retí nìyẹn. Àfi bí ìyá yìí ṣe kọjú sí ìyá mi: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní gbé tèmi sílẹ̀ fún yín. Tiyín lẹ máa gbé fún mi. Títí ọmọ á fi délẹ̀, ibi tí ojú mi ti ń tó o ló máa wà." Èmi rò pé ìyá mi máa gbèjà mi. Inú yàrá ló wọ̀ lọ, ó kó aṣọ mi sínú báàgì Gánà-mọ́ọ̀sì-gò, ó fi okùn dì í. Ó ní, "Tó ò bá tẹ̀ lé wọn, má sùn nínú ilé yìí mọ́."

Bí wọ́n ṣe gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, bí ìyàwó tuntun.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá náà wà níwájú ilé, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì jáde síta, ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ọmọṣẹ́ méjì ló ní. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló sọ mí ní Bọ̀dá Mi-Ò-Mọ̀-Ọ́n-Rí. "Bọ̀dá Mi-Ò-Mọ̀-Ọ́n-Rí, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ mọ abẹ́rẹ́, àbí ẹ ò mọ ìyẹn náà rí?" Bàbá ọmọbìnrin náà, àgbàlagbà tó fẹ̀yìn tì, á jókòó ti Kùránì ẹ̀, kò ní bá mi sọ ju "Ṣé o ti jẹun?" lọ. Ọmọbìnrin náà fúnra ẹ̀ wà nínú yàrá lẹ́yìn kọ́tìnì. Mò ń gbọ́ ìṣísẹ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, ìyá náà kó àpò ègé aṣọ síwájú mi, àwọn àǹkárá àti aṣọ kọ́tọ́ọ̀nù tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ oníbàárà. Ó ní, "Ẹni tó ń bọ̀ yìí, ìwọ lo máa rán nǹkan tó máa lò. Èyí tó rọrùn jù la máa fi bẹ̀rẹ̀." Bíìbù ni, aṣọ tí wọ́n máa ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn kí wàrà má baà kán sí i láyà. Ó ní kí n gé aṣọ méjì lọ́gbọọgba, kí n jẹ́ kí wọ́n kọjú síra, kí n rán etí ẹ̀ yíká, kí n fi àyè ìka mẹ́ta sílẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti ní, "Mà, èyí kéré sí mi. Èmi tí mo ti jó irin rí!"

Mo rán an. Mo rán an yíká pátápátá, mo tún rán an lẹ́ẹ̀kejì kó lè lágbára. Ìgbà tó kù kí n yí inú ẹ̀ síta, mi ò rójú ọ̀nà tí mo máa gbà yí i. Mo ń yí bíìbù yẹn lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn. Ọmọṣẹ́ yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Bọ̀dá, ẹ ti ti ara yín mọ́ta!" Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìka mẹ́ta ni mo sọ. Tú u."

Oṣù méjì àtààbọ̀ ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ mi á kọjá lójú títì lọ sí bèbè ọ̀sà, wọ́n á yọjú wò mí, wọ́n á ní, "Tẹ́lọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ní gbogbo àárọ̀ ni mo ń sọ fún ara mi pé lónìí ni mo máa lọ. Ìyá yẹn ò lù mí, kò bú mi, kò tilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Mo rán ìbọ̀wọ́ tí kò níka, èyí tí ọmọ ò ní fi fi èékánná ya ojú ara ẹ̀. Mo rán fìlà tí mo fi ìkúùkù ara mi wọn, tó wá kéré bíi ti ọmọ adìyẹ. Mo rán bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ègé fóòmù kún inú ẹ̀. Ìka mi lu bí asẹ́. Àmọ́ ọwọ́ mi ń tọ́, ẹnu mi sì ti tún ń là.

Ni mo bá rán ìrọ̀rí kékeré kan, aláwọ̀ ewé. Ó dára débi pé mo ní kí n fi àrà kún un. Mo tọrọ òwú pupa, mo fi kọ orúkọ bàbá mi sí àárín ẹ̀ gàdàgbà, orúkọ tí gbogbo ilé wa ń jẹ́. Mo gbé e sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè rí i.

Máṣíìnì dákẹ́. Ìyá náà ní, "Ta ló ní kó o kọ ìyẹn?"

"Mà, mo fi ṣe sùpráìsì ni."

"Ọmọ tí a ò tíì rí ojú ẹ̀, tí a ò tíì sọ lórúkọ?"

Kí n tó dáhùn, kọ́tìnì ṣí. Ọmọbìnrin náà jáde, ó gbé ọwọ́ lé inú ẹ̀. Ó wo ìrọ̀rí, ó wò mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti Ìkòròdú nìyí: "Ẹni tó ò mọ̀ rí, báwo lo ṣe wá mọ orúkọ bàbá ọmọ ẹ̀?" Ó wọlé padà.

Ìyá náà na bíléèdì sí mi. "Tú u. Má gé aṣọ o." Ọ̀sán kan ni mo fi kọ ọ́, ọjọ́ méjì ni mo fi tú u. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ó wù mí kí ọmọ yẹn jẹ́ orúkọ wa. Mi ò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí. Mo rọra bi ìyá náà pé ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ó ní, "Lọ́jọ́ ìkómọ, Àlùfáà máa béèrè ọmọ ta ni. Ẹni tó bá dáhùn ló ni ín. O ti lanu níwájú èrò rí. Wàá tún un là."

Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Ṣé ìyẹn náà ni iṣẹ́? Lára àwọn nǹkan tí mo ní láyé, ẹnu ló pọ̀ jù.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìrọbí mú un. Mo gbọ́ igbe ẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, igbe tí mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò, ó di hóspítù, gbogbo ilé ló tẹ̀ lé e. Ìyá náà kàn ní, "Máa bọ̀ lẹ́yìn wa." Nígbà tí mo gbójú sókè, àga ẹnu ọ̀nà ṣófo. Mo ní kí n kàn na ẹsẹ̀ díẹ̀. Mo nà á dé gáréèjì. Mo wọ mọ́tò Ìkòròdú, mo ní màá sọ̀ ní Àgbówà kí n padà. Àgbówà kọjá. Ìmọ̀ta kọjá.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé. Ó dìde fùú. "Ó ti bí? Kí ló bí?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Ó wò mí títí. "O ò dúró gbọ́ bóyá akọ ni àbí abo?" Ó jókòó padà ti ẹ̀wà ẹ̀. Kò tún bá mi sọ nǹkan kan títí di àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, tó wọṣọ, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Ó yá."

Obìnrin ló bí. Wọ́n to àga síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ọmọbìnrin náà ò bi mí ibi tí mo lọ, ó kàn mú mi lọ́wọ́, ó fi mí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlùfáà. Àlùfáà gbàdúrà, ó ní, "Ọmọ ta ni ká pè é?" Gbogbo ojú yí sí mi. Ọmọṣẹ́ yẹn pàápàá ò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà gbé ọmọ dání, ó ń wò mí, kò bínú. Ó ń dúró dè mí ni. Mo lanu. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Kò jáde. Mo gbọ́ ìyá mi lẹ́yìn tó ń sọ pé, "Sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀ jàre." Kò jáde.

Bàbá ọmọbìnrin náà ló wúkọ́. "Tèmi ni, Àlùfáà. Ọmọ mi ni." Àlùfáà ń bá àdúrà lọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ti ríṣẹ́ ní Estate, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń gbé mi láàárọ̀. Ọmọbìnrin náà parí ìwé ẹ̀, ó fẹ́ ẹlòmíì, ó sì máa ń kí mi dáadáa. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ẹ̀ lọmọ wà, orúkọ bàbá yẹn ló ń jẹ́ nílé ìwé. Wọn ò lé mi rí. Tí àyè bá gbà mí ní Sátidé, mo máa ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bọ̀dá Ìkòròdú ni ọmọ náà ń pè mí. Èmi tí mo rò pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi mí sí lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ibẹ̀ gan-an ni mo sún mọ́ ọmọ mi jù, nígbà tí ọmọ náà ò tíì dáyé.

Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, ó jókòó tì mí, ó ń jẹ bísíkíìtì tí mo rà. Ó ní, "Bọ̀dá Ìkòròdú, ṣé ẹ lọ́mọ?"

Mo ní mo ní ẹyọ kan.

Ó ní, "Ẹ mú un wá lọ́jọ́ mìíì, ká jọ ṣeré."

Mo ní mo ti gbọ́.