Àyè Tanímọ̀la Lẹ́yìn Ọkọ̀

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin ti Kùtọnu dé bá mi ní Parakou pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó fẹ́ rà. Kò tíì rà á o. Ó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ó fi wò ó bóyá yóò gba àwọn ajá rẹ̀. Ajá méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àgò irin tirẹ̀. Èyí àgbà nínú wọn bá a wá. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń wò ó bí ó ṣe na mẹ́tà sínú kọ́fù, ibi tí à ń kó ẹrù sí lẹ́yìn ọkọ̀, tí ó ń wọn ìbú, tí ó ń wọn gíga, tí ó tún ń wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbé àgò wọlé, ó gbé e jáde, ó dorí rẹ̀ kọ ibòmíràn, ó tún gbé e wọlé. Ó wá pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé, gbàm! Òórùn irun ajá tí oòrùn ti pa gba iwájú mi kọjá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jowú.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Arúgbó náà a máa jowú. Ọmọ tí mo bí, tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, kò bi mí bóyá eékún mi yóò rí àyè nínú ọkọ̀ náà. Ajá ló ń wọn àyè fún. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi sanra láti kékeré, torí mo ti ń bá ajá du ẹ̀yìn ọkọ̀ tipẹ́ kí n tó bí ọmọ yìí.

Ìgbà Ìyípadà ni, nígbà tí ìjọba ológun wà lórí oyè, tí gbogbo ayé ń pe ara wọn ní kámáráàdì, tí àwa ọmọ ilé-ìwé ń kọrin àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́ àsíá kí a tó wọ kíláàsì, tí a sì ń lọ roko ilé-ìwé nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Àdúgbò Albarika ni à ń gbé. Ará Ṣábẹ̀ ni bàbá mi. Ìjọba ló gbé e wá sí Parakou láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè. Èmi nìkan ni ọmọ wọn. Ó yẹ kí n jẹ́ àkẹ́bàjẹ́, ṣùgbọ́n Tanímọ̀la wà níbẹ̀.

Tanímọ̀la ni ajá bàbá mi, abo pupa kan tí etí rẹ̀ kan dúró, tí èkejì wó lulẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, bàbá mi a máa fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ọṣẹ tí ìyá mi fi ń wẹ̀ mí gan-an. Bí a bá se ẹja, orí ẹja ti Tanímọ̀la ni. Èmi, ìrù ni wọ́n ń fún mi, wọ́n á tún ní kí n rọra jẹ ẹ́ kí egungun má baà há mi lọ́fun.

Nígbà tí bàbá mi wá ra Pìjó àlòkù, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, mo ti sáré lọ sọ fún Ráfíátù, ọ̀rẹ́ mi ní ilé kejì, pé a ó máa lọ sí Ṣábẹ̀ ní fàkáǹsì, nígbà ìsinmi ilé-ìwé, èmi ni n ó sì máa jókòó síwájú. Ẹnu mi ti yá jù. Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá mi ṣe ni pé ó ránṣẹ́ sí káfíntà, ó ní kó wá bá òun kan àpótí ajá.

Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n wọn ọkọ̀ náà. Bàbá mi ká ara rẹ̀ sínú kọ́fù pẹ̀lú mẹ́tà, ó ń ké ìwọ̀n sí káfíntà. Ìyá mi jáde ti òun ti ìdì aṣọ lórí, ó ní òun náà fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ yóò gba ọjà òun. Kò lo mẹ́tà ní tirẹ̀. Ó na apá lé ilẹ̀ kọ́fù láti àyà dé orí ìka, bí ó ti máa ń wọn aṣọ fún oníbàárà, ó sì ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àpótí tí káfíntà gbé wá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi ibùsùn. Ẹsẹ̀ náà kọ́kọ́ ga jù, orí Tanímọ̀la ń kan òrùlé ọkọ̀. Káfíntà gé e, ó tún gé e, ó wá ṣe rẹ́gí. Mo bi bàbá mi pé kí ni ajá fẹ́ fi ibùsùn ṣe. Ó ní kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Ibùsùn o! Èmi tí mo ń sọ yìí, orí ẹní ni mo ń sùn.

Láti ìgbà náà, bí Sátidé bá ti mọ́, bàbá mi á gbé ìbọn, á gbé Tanímọ̀la sínú àpótí, á ní àwọn ń lọ ṣọdẹ ní ọ̀nà Nikki. Ẹyẹ awó kan ṣoṣo ni mo rántí pé ó pa. Àwọn ọmọ Albarika á máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀, wọ́n á máa pariwo orúkọ ajá, òun á tẹ imú mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn bí ìyàwó mínísítà. Mo bẹ bàbá mi títí kí ó mú mi lọ, èsì kan náà ni ó ń fún mi: kò sí àyè. Lọ́jọ́ kan mo kó sínú àpótí náà fúnra mi, mo ká eékún mọ́ àyà, mo ní kí ó wá wò ó pé ibẹ̀ gbà mí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fà mí jáde, ó gbé Tanímọ̀la wọlé. Ìyá mi bi mí pé ṣé ajá ni mo wá ń bá ṣe orogún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Sátidé kan nígbà ọyẹ́, bàbá mi dé ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ajá nínú àpótí. Ìyá mi jáde, ó wo àpótí, ó wo ojú bàbá mi, ó káwọ́ lérí. Nígbà tí wọ́n gbé àpótí náà kúrò, mo rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: aṣọ tuntun láti Nàìjíríà, ìdì lórí ìdì, tí wọ́n tò pẹrẹsẹ títí dé ibi tí ẹsẹ̀ àpótí ga mọ. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé bàbá mi kì í ṣe ọdẹ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ní àwọn ọdún yẹn, owó oṣù olùkọ́ a máa wá nígbà tó bá wù ú, aṣọ tí ìyá mi ń tà ni a sì fi ń jẹun. Ẹnubodè ni bàbá mi ti ń gbé aṣọ náà, láìjẹ́ kí ìjọba mọ̀. Ní bàríyẹ̀ẹ̀ ọ̀nà Nikki, níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró tú ẹrù wò, àwọn kámáráàdì tó wà níbẹ̀ le bí ojú ẹja. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọn a ti ṣe àlùwàlá, wọn kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan àwọn. Wọ́n á ṣí kọ́fù, Tanímọ̀la á na imú síta, itọ́ á máa kán tótó, wọ́n á ní kí olùkọ́ máa lọ. Ráfíátù náà kì í jẹ́ kí ajá wa sún mọ́ òun. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i, n kò sì ronú dé ibẹ̀. Kì í ṣe pé àyè kò sí fún mi nínú ọkọ̀. Bàbá mi kò fẹ́ kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un ni.

Ní Sátidé náà, olórí tuntun ti dé sí bàríyẹ̀ẹ̀, ọmọ ọdẹ láti ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín ajá. Ó na ọwọ́, Tanímọ̀la lá a. Ó gbé e jáde, ó gbá a mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ àpótí. Bàbá mi sọ fún ìyá mi ohun tí ọkùnrin náà wí, mo sì gbọ́ ọ.

“Kámáráàdì, ajá yìí dára, aṣọ yìí náà dára. Ọ̀kan lẹ máa gbé lọ.”

Gbogbo òwò ìyá mi ló wà nínú aṣọ yẹn. Bàbá mi gbé aṣọ. Ìyá mi, tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá náà rí, jókòó lórí ìdì aṣọ, ó ń sunkún. Èmi ń wo àpótí òfìfo náà, mo ń wò ó pé àyè ti ṣí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi kó iṣu tó dára sínú ọkọ̀, ó fẹ́ fi bẹ olórí náà kó dá ajá padà. Ó ṣí iwájú fún mi.

“Wọlé, ìyá mi,” ló wí. “Àyè ti wà.”

Mo ní ẹ̀yìn ni mo fẹ́, ibi tí Tanímọ̀la máa ń wà. Ó ṣí kọ́fù fún mi. Mo tẹ imú mọ́ gíláàsì níbi tí imú ajá ti fi àmì sí, mo juwọ́ sí Ráfíátù, gbogbo Albarika rí mi. Mo gbádùn rẹ̀ o, n kò ní purọ́, títí a fi dé bàríyẹ̀ẹ̀.

Olórí gba iṣu, ó dúpẹ́, kò dá ajá padà. Tanímọ̀la wà níbẹ̀, okùn tuntun lọ́rùn rẹ̀, wọn kò so ó mọ́ nǹkan kan. Bí ó ṣe rí Pìjó wa ni ó sáré wá. Kò lọ bá bàbá mi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló lọ, ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn kọ́fù bí ó ti ń ṣe ní gbogbo Sátidé, ó ń dúró kí wọ́n ṣí i fún òun. Ó wá gbójú sókè, ó rí mi nínú gíláàsì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó ti jowú mọ ojú òjòwú. Bí mo ṣe máa ń wò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan àpótí yẹn ni ó ṣe wò mí.

Bàbá mi wá sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé ìdìmú ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀, kò ṣí i. Olórí súfèé pe ajá, ajá kò mira. Nígbà tí a yí orí ọkọ̀ sílé, ó sáré tẹ̀ lé wa títí eruku fi bò ó, ojú mi ló sì ṣe, torí èmi ni mo kọjú sẹ́yìn.

A kò ní ajá mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àpótí yẹn di ibi tí ìyá mi ń to aṣọ sí ní Arzèkè, ó sì pẹ́ kí n tó lè jókòó lé e. Bàríyẹ̀ẹ̀ náà ti lọ. Àwọn orin abẹ́ àsíá, ọmọ mi kò mọ ẹyọ kan nínú wọn. Bàbá àti ìyá mi ti sùn ní Ṣábẹ̀. Ráfíátù ti di Alájà, kò sì tíì jẹ́ kí ajá sún mọ́ òun. Owú tèmi náà ṣì wà níbi tí mo fi í sí, ẹ̀yin náà ti gbọ́ bí ó ṣe jí láàárọ̀ Sátidé tó kọjá.

Ọmọ mi ká mẹ́tà rẹ̀, ó wá bá mi lábẹ́ máńgòrò. Ó ní ọkọ̀ náà gba àgò méjèèjì, ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ sí Ṣábẹ̀ fún Kérésì, iṣu mi kò ní wọlé tán. Mo ti la ẹnu kí n sọ ọ̀rọ̀ líle sí i. Ni mo bá rí ajá náà. Ó ti lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, síwájú kọ́fù tí wọ́n ti pa dé, ó gbójú sókè, ó ń dúró.

Mo ní kó fi iṣu sílẹ̀.

“Ṣí i fún un.”

Ó ní òun ṣì fẹ́ wọn ibì kan sí i.

“Mo ní kí o ṣí i fún un.”