Àpò Rọ́bà Tó Ta Ọwọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi kí n tó lóyún ọmọbìnrin mi. Ọ̀sán ọjọ́ ọjà Anié ni ìrọbí mú mi ní Datcha. Gbogbo takisí ti kó èrò lọ sọ́jà, kò sí èyí tí yóò gbé wa dé ilé ìwòsàn ńlá ní Atakpamé. Ìyá ọkọ mi, tó ń ta aṣọ, ló dì mí lápá mú dé ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè.

Ó yẹ̀ mí wò, ó ní ó kù díẹ̀. Ó fọwọ́, ó sì mú àpò rọ́bà kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ láti fẹ́ atẹ́gùn sínú ọmọ tuntun tí kò bá mí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìbomú ẹnu àpò náà pa, èyí tí wọ́n ń fi bo imú àti ẹnu ọmọ, ó tẹ̀ ẹ́. Àpò náà rọ̀ sí i lọ́wọ́ bí aṣọ. Ó gbé e sétí, ó tún un tẹ̀.

"Màdáámù," ni ìyá ọkọ mi wí, "ṣé bọ́ọ̀lù lẹ ń fún ni? Ọmọ ló ń bọ̀ yìí o!"

"Ó ti sán lọ́rùn, Màmá. Atẹ́gùn ń jò."

Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé àpò náà sí méjì, ó jù ú sí garawa ìdọ̀tí.

"Ẹ wá bà á jẹ́ pátápátá!"

"Bí mo bá fi sílẹ̀, ẹlòmíì lè ṣèèṣì mú un."

Inú ń bí èmi náà. Agbẹ̀bí mú àpò mìíràn jáde.

"Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín, Màmá."

Ó tẹ ìbomú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ìyá ọkọ mi, ó fún àpò. Ihò kékeré kan lórí rẹ̀, tí wọ́n dá sí i kí atẹ́gùn má bàa pọ̀ jù fún ọmọ, mí fíìì.

"Háà! Ó ń ta ọwọ́ mi padà!"

"Èyí dáa." Ó gbé e sórí tábìlì, ó kọjú sí mi.

Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀ láìké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú bí aró. Agbẹ̀bí nù ún, ó fi aṣọ gbígbẹ ra á lẹ́yìn, síbẹ̀ ọmọ kò mí. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi ìbomú bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àpò. Kò wá nǹkan kan kiri.

"Màmá, ẹ bá mi wo àyà rẹ̀."

"Ó gbéra," ni ìyá ọkọ mi wí jẹ́jẹ́. "Ó tún gbéra. Ọlọ́hun, jọ̀ọ́... ó tún gbéra."

Mi ò lè rí i láti ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Mo gbọ́ ikọ́ kékeré kan, lẹ́yìn náà, igbe.

Bí mo bá rántí obìnrin náà, kì í ṣe bó ṣe ń fún àpò ni mo kọ́kọ́ máa ń rí. Bó ṣe gbé èyí tó jò sétí ni, tó fara balẹ̀, nígbà tí àwa méjèèjì ń kanra mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agbẹ̀bí ti tú àpò náà palẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sè é, ó ti gbẹ. Bó ṣe ń tò ó pọ̀ ni aláboyún kan wọlé, ó fọwọ́ di ìbàdí mú, ó ń kérora. Ìyá ọkọ mi gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó dìde.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó," ló wí fún un. "Ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí àpò yìí ta ọwọ́ mi ná."

Ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú agbẹ̀bí.