Orúkọ tí mo fún ẹni tó kú nínú ìtàn mi

Gbólóhùn kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ lónìí ṣì ń já mi láyà.

Òní ni kíláàsì ìtàn kíkọ tí mo dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin Ìgbó-Ọrà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ ibi táwọn ó ti mú ìtàn. Mi ò ráyè ìyẹn. Mo kọ ọ́ sójú pátákó:

"Kẹ́hìndé gun ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wálé."

Mo ní, "Ó yá, ẹ máa bá a lọ."

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan.

Màmá Táyé tó jókòó níwájú ní, "Àǹtí, Kẹ́hìndé ti ta ni?"

"Ìtàn lásán ni, Màmá Táyé. Mo kàn rò ó ni."

"Ní Ìgbó-Ọrà yìí? Ilé wo ni ò ní Kẹ́hìndé? Tèmi gun ọ̀kadà jáde láàárọ̀."

Ó fa fóònù yọ. Làwọn yòókù náà bá ń pe ilé.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àfi bí mo ṣe rántí àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà ní Ayétẹ̀. Kẹ́hìndé lòun náà. Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè é. Mo sáré nu pátákó.

Nígbà tó yá, ó pè padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà ní kíláàsì. Kí ló dé?"

Mo ní mo kàn fẹ́ kí i ni.

Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ta lẹ̀yin máa ń fún ẹni tó máa kú? Gbogbo èyí tó wá sí mi lọ́kàn látàárọ̀ ló ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ.