Wendell àti Ibùdókọ̀ Tó Pòórá

Bí Wendell bá sọ gbólóhùn mẹ́ta lóòjọ́, ó ti ṣe àríyá nìyẹn. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó mọ gbogbo ibi tí bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé wa ń dúró sí. Kò níyàwó, kò lájá. Búrẹ́dì àti ẹyin ló ń jẹ lójoojúmọ́, lórí ìdúró, bí ẹṣin. Mo fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Lóṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí òtútù Minnesota ń gé èèyàn létí, wọ́n fún èmi awakọ̀ ní ọ̀nà tuntun, apá òkè adágún. Ibi tí ẹ̀rọ iwájú mi bá dárúkọ ni mò ń dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kọjá lára Maisie, ọmọ ọdún méje, nínú yìnyín. Ẹ̀rọ ò dárúkọ ibẹ̀.

Bàbá ọmọ pariwo dé ọ́fíìsì. Lọ́sàn-án, Gretchen ọ̀gá wa tẹ kọ̀ǹpútà.

"LaVerne, ibùdó ọmọ rèé kedere. Àbí ojú ń dùn ẹ́ ni?"

"Ojú mi ò dùn mí o. Kò sí níbẹ̀ láàárọ̀."

"Ta ló wá gbé e síbẹ̀, áńgẹ́lì?"

Ó ní tí mi ò bá rí àlàyé ṣe títí Ẹtì, kí n kó kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Mo sáré bá Wendell. "Wọ́n fẹ́ lé mi o!"

Ó kọ́kọ́ jẹ ẹyin ẹ̀ tán. "Ká má bi kọ̀ǹpútà léèrè ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Ohun tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ni ká bi í."

Àṣé kọ̀ǹpútà yẹn kì í gbàgbé. Bí wọ́n bá yí nǹkan padà nínú àtẹ kan, ìyẹn ojú ìwé tó ń to nǹkan sí, á tọ́jú ti àtijọ́ sẹ́yìn ẹ̀, pẹ̀lú aago àti orúkọ ẹni tó yí i. Àmọ́ àtẹ pọ̀ bí iyanrìn: ti ọmọ, ti títì, ti ibùdó. Ta ló mọ èyí tó bàjẹ́? Wendell bá kọ ìbéèrè kan fún kọ̀ǹpútà, tó ń tún ara ẹ̀ kọ. O kàn fi orúkọ àtẹ àti aago há a lẹ́nu, òun fúnra ẹ̀ á to ìyókù. Ó ń há a lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó di Ẹtì, ó dúró níwájú Gretchen.

"Àtẹ ibùdó, aago méje àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ti Maisie ò sí níbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àkọsílẹ̀ orúkọ ọmọ tó ń ti iléèwé wá lọ́sàn-án ló dá a padà."

"Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi."

Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà.

"Iṣẹ́ tí mo kọ́ kọ̀ǹpútà, tó ń ṣe lórúkọ mi, ló rò pé ibùdó méjì tó súnmọ́ra, ọ̀kan náà ni, ló bá yọ ọ̀kan."

Gretchen wò mí, ó wò ó. Awakọ̀ pọ̀ nígboro. Ta ló tún mọ kọ̀ǹpútà yẹn? Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wendell, ṣé orúkọ yẹn ò ṣeé pa rẹ́?"

Mò ń wo ẹnu ẹ̀.

"Ó ṣeé pa rẹ́," ló wí. "Á sì kọ ọ́ pé mo pa á rẹ́. Ẹ tún máa rí orúkọ mi."

Wendell gba ìwé ìkìlọ̀, ó fi tẹ́ búrẹ́dì ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ò kúrò lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí mo gbé Maisie dé iléèwé, mo gbé àwo ànàmọ́ àti ẹran tí mo yan lọ fún un. Ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Kò sí ẹyin níbẹ̀."

"Wendell, jẹun jàre!"

Ó fa àga. Ó jókòó.