Òwú Pupa Lára Àpótí Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Olówógbowó, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹ má rò pé mo ń rà á o! Àǹtí kan tó ń ránṣọ, ará Ìjẹ̀bú tó háyà yàrá nílé wa, ló ń yá ìwé wọ̀nyẹn wá. Bí ó bá ti kírun Alásárì tán, òun á máa wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, èmi á máa kàwé sí i létí. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n mú ọ̀daràn, á dá ẹsẹ̀ dúró: "Dúró ná! Ta lo rò pé ó ṣe é?" Bí mo bá ti mọ̀ ọ́n, á pè mí ní Ọ̀gá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, orí mi á sì wú.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wá ẹ̀gbà ọrùn góòlù rẹ̀ títí, kò rí i. Ilé gbóná. Ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́, èmi lọ yẹ àpótí rẹ̀ wò bí wọ́n ti ń ṣe nínú ìwé, mo sì rí òwú pupa tó há sí ìdérí rẹ̀. Ta ló ń lo òwú pupa nílé wa? Mo mú òwú náà jáde sí àgbàlá, mo sì nàka sí àǹtí mi níwájú gbogbo ilé.

Kò tilẹ̀ bínú. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ó ní, "Ọ̀gá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣebí èmi ni mo rán ìborùn tó wà nínú àpótí yẹn." Wọn ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Olè ni wọ́n ń pè é títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, obìnrin àdúgbò kan dá góòlù náà padà, ó ń dúpẹ́. Láyé ìgbà yẹn, bí ọmọ bá fẹ́ ṣe wòlímà, ayẹyẹ píparí Kùránì, ilé dé ilé ni wọ́n ti ń yá góòlù fún un. Ìyá Àgbà ló yá wọn fúnra rẹ̀, tó gbàgbé. Yéè! Wọ́n ránṣẹ́ sí àǹtí mi ní Ìjẹ̀bú, wọ́n ní kò dé ibẹ̀.

Ìwé wọ̀nyẹn ló sọ mí di akọ̀wé kóòtù ní Igbosere. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, ojú gbogbo obìnrin tó bá wọlé ni mò ń wò. Mi ò rí i.

Ní báyìí, wọ́n ti wó ilé wa, wọ́n ti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ sọ orúkọ àǹtí yẹn, kí n bá yín wá wọn lórí fóònù." Omi bọ́ lójú mi. A kì í pe àgbà lórúkọ nígbà yẹn, Àǹtí Aránṣọ la ń pè é, àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀ sì ti kú tán. Èmi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó mọ àwọ̀ òwú rẹ̀, mi ò béèrè orúkọ rẹ̀ rí.