Ibi Ọmọ Tí Métírọ̀n Ní Ká Sun

"Ìyá Ìbejì, ti obìnrin yẹn, sísun ni. Ẹ má gbé e fún wọn o."

Métírọ̀n, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí, ní ilé ìwòsàn kan ní Kaduna tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ̀bí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bó bá ka èyí, yóò mọ ara rẹ̀.

Sikira ni "obìnrin yẹn", ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò Tudun Wada. Mo ti pa orúkọ rẹ̀ dà. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń lo oògùn kòkòrò HIV. Ìyá ọkọ ni kò mọ̀, ilé ìyá náà ni wọ́n sì ń gbé.

Gbogbo ìdílé tó bá béèrè ibi ọmọ la máa ń fún, kí wọ́n lọ rì í mọ́lẹ̀ ní àgbàlá wọn. Ti àwọn tó ní kòkòrò nìkan ni Métírọ̀n máa ń ní ká sun. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a kò bá fún ní ibi ọmọ rẹ̀, a ti kéde àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Mo sọ ọ́ nípàdé. Métírọ̀n ní májèlé ni ibi ọmọ wọn, pé ọmọ tó gba inú rẹ̀ wá ti tán.

Irọ́ ni. Ìgànná ni ibi ọmọ jẹ́. Oúnjẹ ń gba ara rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kì í sábà pàdé. Bí ibà bá ti bà á jẹ́, tàbí bó bá ń ya lásìkò ìrọbí, kòkòrò lè ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń lo oògùn, tí a sì ń kán ti ọmọ sí i lẹ́nu. Mo kán an fún ọmọ Sikira fúnra mi.

"Hàbá, nọ́ọ̀sì!" Ìyá ọkọ ti dé. "Ẹ fún ìyàwó Musa aládùúgbò wa ní tirẹ̀ láàárọ̀. Kí ló ṣe ti ọmọ tèmi?"

Sikira ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo rẹ ibi ọmọ náà sínú oògùn apakòkòrò, mo fi ọ̀rá méjì dì í pinpin.

"Mama, ẹ má tú u o. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kó jìn."

"Ṣé ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi sè ni?" Ó gbé e lọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìwé ẹ̀sùn ni Métírọ̀n fi san án fún mi. Ọmọbìnrin tí mo kọ́ bí a ṣe ń gé ìwọ́ ọmọ ló fi ṣe igbákejì rẹ̀, ipò tó tọ́ sí mi. Nígbà tí ọmọ Sikira pé ọdún kan ààbọ̀, àyẹ̀wò ìkẹyìn fi hàn pé kò ní kòkòrò kankan. Métírọ̀n sọ fún àwọn dókítà pé, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn."

Ìyá ọkọ ti kú báyìí, kò mọ nǹkan kan títí tó fi lọ. Lọ́dún tó kọjá, Sikira gbé àpò máńgòrò kan wá fún mi nílé mi ní Narayi. Igi tí ìyá náà gbìn sórí ibi ọmọ ọjọ́sí ló so ó. Mo ṣa mẹ́fà tó pọ́n jù, mo fi ránṣẹ́ sí Métírọ̀n.

Ó pè mí lórí fóònù. "Ìyá Ìbejì, máńgòrò yìí mà dùn o! Mo ti jẹ ẹ́ tán. Níbo lẹ ti rí i?"

Mo ní kó fara balẹ̀, n ó kọ ibi tó ti wá fún un. Ohun tí mo kọ nìyí.