Àwọn Tó Wá Gbàdúrà fún Bàbá Mi

Òórùn ata àti efinrin ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá mi ti pa àgbébọ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́, ó ń fi í se ọbẹ̀ olómi fún Bàbá tí ibà dá dùbúlẹ̀.

Katikíìsì ni Bàbá mi ní Pobè. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó ni. Wọ́n ní oko ẹrú ti tán. Ó jọ pé wọn ò tíì sọ fún ìjọ wa. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni Fadá ń yọjú, nítorí náà Bàbá ló ń lu agogo, òun ló ń kọ́ ọmọdé, òun ló ń sin òkú, òun náà ló ń fẹsẹ̀ rìn nínú òjò lọ sí abúlé Ahoyéyé lọ ka Ìwé Mímọ́. Nígbà tó bẹ̀ wọ́n pé kí òun sinmi ní ọ̀sẹ̀ kan péré, Bàbá Pọ́ọ̀lù, olórí àwọn àgbà ìjọ, bi í bóyá Sátánì ń sinmi. Ọgbọ́n ńlá! Bí ẹni pé Sátánì ló gbà á síṣẹ́.

Kí ọbẹ̀ tó jinná, àwọn àgbà ìjọ ti dé, tàwọn ti ìwé orin lábíyá, tàwọn ti ikùn òfìfo. Wọ́n ní àwọn wá gbàdúrà fún aláìsàn. Nílé tiwa, àlejò kì í lọ láìtọ́ nǹkan wò, wọ́n sì mọ èyí ju àwa onílé lọ. Ìyá mi wo ìkòkò, ó wò mí, ó bu ọbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ gbé abọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jẹ ẹran, wọ́n fọ́ eegun. Ìyá mi kò sọ ju òwe tó máa ń pa lọ: "Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Bàbá Pọ́ọ̀lù ṣe àmín.

Orin wá kù. Kò sẹ́ni tó lè dá a, torí Bàbá ni wọ́n máa ń gbé e lé lórí. Wọ́n gbé e jókòó lórí ẹní, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n ní kó dá orin fún àwọn. Ó dá a. Kó tó parí ẹsẹ kejì, ohùn rẹ̀ já. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló bà lé e.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàbá béèrè bóyá ọbẹ̀ kù. Omi ẹ̀ ló kù.

Ibà lọ, ohùn náà kò padà. Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ́rìí títí dé Sakété pé àdúrà àwọn ló wò ó sàn. Ojú ò tì wọ́n.

Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ dá Fadá wa tòní dùbúlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í sinmi. Àwọn àgbà ìjọ tòní kó ìwé orin wọn dé. Mo ti gbé oúnjẹ wọlé fún un, mo gbé àga dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo jókòó lé e. Wọ́n ní n kò nígbàgbọ́.

Mo ní, "Ẹ gbàdúrà nílé yín. Ọlọ́run kì í ṣe adití."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dúró, ó ń retí kí n dìde, kí n kúnlẹ̀ kí òun bí wọ́n ṣe tọ́ mi. N kò dìde.